Ààwẹ̀ Tí A Gbà fún Kàlòkàlò

Sátidé, 5 Oṣù Kẹrin

A ṣí pápá eré ẹṣin wa ní Thamesmead lónìí. Oòrùn mú, èyí tí kì í ṣe àṣà ìlú yìí nínú oṣù kẹrin, ilẹ̀ àbàtà wá le jù fún ẹsẹ̀ ẹṣin. Láti àárọ̀ ni Sùlèímọ́nù olùtọ́jú ẹṣin ti ń fa rọ́bà omi kiri pápá, kò sì jọ pé ilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bomi rin òun. Eré méje la sá. Èmi ni mo ju àsíá fún gbogbo wọn, kò sì sí ẹṣin tó sáré kí n tó jù ú. Àdùkẹ́ gbé ipò karùn-ún nínú ẹṣin mẹ́fà. Biscuit ni Phoebe tó ni pápá ń pè é, orúkọ yẹn náà ló wà lára pátákó, ṣùgbọ́n èmi àti Sùlèímọ́nù là ń fún un ní kárọ́ọ̀tì, Àdùkẹ́ ló sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ó ń dáhùn.

Èrò kò pọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń gba tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kàn ń wo ara wọn ni. Ife tíì kan ti di pọ́n-ùn méjì àbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹnu sì ń kùn.

Èmi ṣáà gbádùn ara mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, kò sí ọjọ́ tí mo fẹ́ràn tó Sátidé. Òórùn koríko àti ìgbẹ́ ẹṣin yẹn, òórùn bàbá mi ni, tó tọ́jú ẹṣin ní pápá eré ẹṣin Èkó títí ìjọba fi sọ ibẹ̀ di nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo délé, Ìyá Tamílọ́rẹ ní kí n bọ́ bàtà mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ máa ní orogún, kó má jẹ́ èyí tó ń jẹ koríko.

Túsìdeè, 8 Oṣù Kẹrin

Phoebe pe èmi àti Sùlèímọ́nù sínú ọ́fíìsì. Obìnrin yìí ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ gọ́tà yí pápá náà ká, n kò sì rí i kí ojú rẹ̀ pọ́n rí. Òrùlé ilé ìwòran ti ń jò. Owó dókítà ẹṣin ga. Àwọn tó ń mú ẹṣin wá ń dín kù nítorí pé ẹ̀bùn tí à ń fún ẹni tó bá borí kò tó owó epo tí wọ́n fi wá.

Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe kàlòkàlò ti wá bá òun. Wọ́n fẹ́ kó ẹ̀rọ wọn sínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ ilé ìwòran, èyí tí wọ́n ti ń jó láyé àtijọ́. Nínú ohun tí ẹ̀rọ bá pa, wọn yóò máa yọ ti ẹṣin lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ yóò máa bọ́ ẹṣin. Kánsù nìkan ló kù kó fọwọ́ sí i. Bí kánsù bá kọ̀, oṣù kẹsàn-án la ó sá eré ìkẹyìn, a ó sì ta àwọn ẹṣin. Ó ní bí kánsù bá sì gbà, kí èmi jẹ́ alábòójútó gbọ̀ngàn náà láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú súùtù.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé Ọlọ́run wà. Ó ní òun gbọ́ pé Ọlọ́run àwa aláwọ̀ dúdú máa ń gbọ́ nǹkan.

Nígbà tí a jáde, Sùlèímọ́nù dáwọ́ dúró lórí búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń gbo Àdùkẹ́ lára. Ọmọ Ìlọrin ni, ìran wọn ti ń gun ẹṣin kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé church yín mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni?"

Mo ní wọn kò tíì bi mí.

Ó rẹ́rìn-ín títí Àdùkẹ́ fi yí orí padà wò ó.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹrin

Ìsìn àdúrà ní gbọ̀ngàn ilé ìwé. A tún to àga fúnra wa, a ó sì tún kó wọn padà fúnra wa. Ìgbà wo ni ìjọ yìí máa ní ilé tirẹ̀?

Ìyá Tamí dìde lórúkọ àwọn ìyá. Ilé kàlòkàlò tuntun fẹ́ ṣí ní Plumstead High Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Mọ́wùnmí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá, ti ń ṣe irun, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá ti ń gba orúkọ àwọn aládùúgbò jọ láti fi takò ó. Pásítọ̀ Olúwaṣògo ní ká dìde, ká gbàdúrà kí ìwé àwọn onítẹ́tẹ́ já sí òfo níwájú kánsù. Mo dìde. Mo ṣe Àmín.

A kò tíì jókòó tán tó fi ní kí ẹni tó bá ní ìwé kankan níwájú ìjọba jáde síwájú. Àwọn ọmọ tó ń retí físà ló máa ń jáde. Mo kàn rí ẹsẹ̀ ara mi tó ń gbé mi lọ.

"Daddy, kí lẹ fẹ́ kí Olúwa ṣe?"

"Ìwé kan wà níwájú kánsù, sà."

Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa bi mí? A kì í tú ìdí ọ̀rọ̀ síta kí ọwọ́ tó tẹ ohun tí a ń wá, nítorí ayé. Wọ́n á ti rò pé mo fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé ni. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní kí gbogbo ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún àwa tí a jáde. Wọ́n ṣe Àmín. Ohùn Ìyá Tamí ló ga jù.

Nínú mọ́tò ó ní, "Bàbá Tamí, ìwé wo ni?"

"Ìwé ibi iṣẹ́."

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ẹṣin yẹn lọ́wọ́ yín?"

"Ohun tí a kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn."

"Ọlọ́run á gbà á ṣe."

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ. Mo tan rédíò ṣá.

Gúúdù Fúráìdeè, 18 Oṣù Kẹrin

Ebi ń pa mí. Mo ń mu omi, ṣùgbọ́n Ìyá Tamí kò fi omi kan ẹnu láti àná. Nígbà tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga nínú pálọ̀ tó ń ké pe Ọlọ́run nítorí "ìwé ọkọ mi", mo jáde lọ fọ mọ́tò. Mọ́tò náà kò dọ̀tí.

Sátidé, 19 Oṣù Kẹrin

Mo ju àsíá pẹ̀lú inú òfìfo. Atẹ́gùn ń ti ọ̀nà Crossness, níbi tí omi ẹ̀gbin ìlú ń dà sí, fẹ́ wá, tí ó bá ti fẹ́ báyìí, ẹṣin pàápàá máa ń gbé imú sókè. Sùlèímọ́nù ń jẹ búrẹ́dì níwájú mi pẹ̀lú ìwà ìkà. "Èmi ti gba ààwẹ̀ tèmi tán nínú Ramadan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀ fún tẹ́tẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún

Ìyá Tamí rán mi ní iṣu ní Plumstead High Street. Iṣu kan, pọ́n-ùn mẹ́jọ! Mo bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ti sè é tẹ́lẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe gbé iṣu dání, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé kàlòkàlò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n kúkú mọ ohun tí mò ń gbàdúrà fún. Wọ́n ti fi bébà bo fèrèsé. Kápẹ́ẹ̀tì nípọn, kò sí aago lára ògiri, ibẹ̀ móoru dáadáa. Ẹ̀rọ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnì kọ̀ọ̀kan kọjú sí tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì. Mo fi pọ́n-ùn kan sí ẹnu ọ̀kan. Ó gbé e mì, ó kọrin, ó sì tán. Ní pápá wa, bí ènìyàn bá pàdánù pọ́n-ùn kan, ó kéré tán ó ti pariwo, ẹni tó dúró tì í ti gbá a léjìká.

Mo fẹ́ jáde ni mo rí Àánú ní igun. Ọmọ yìí ni ó máa ń fún wa ní ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti Òṣogbo wá lórí físà iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Aṣọ iṣẹ́ alẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí mi, ó rí iṣu, ó fò dìde, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé èmi náà kò sí níbí ni? Dìde."

Mo jókòó tì í. Wọ́n gbé tíì wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dára ju tiwa lọ, inú bí mi díẹ̀ sí ìyẹn.

"Tí mo bá close shift, mo kàn máa ń fẹ́ jókòó somewhere," ó ní. "Nílé, a pọ̀ nínú room. Níbi iṣẹ́, gbogbo wọn ló ń pè mí. Àánú, toilet. Àánú, my tablet. Níbí, wọ́n á fún mi ní tea, nobody go call me. Kí n tó mọ̀, owó tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí mọ́mì mi ti wọlé sínú ẹ̀rọ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n àgbà tó gbààwẹ̀ kí wọ́n gbé irú ọjà yẹn wá ńkọ́? Ojú tì mí, mo sì sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.

"Wá sí pápá wa ní Sátidé. Ibẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́."

"Kí ló wà níbẹ̀, sà?"

"Ẹṣin."

"Ẹṣin, ní Thamesmead yìí?"

Sátidé, 10 Oṣù Karùn-ún

Ó wá. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà. Sùlèímọ́nù fún un ní kárọ́ọ̀tì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń na àtẹ́lẹwọ́ kí eyín ẹṣin má bàa kan ìka. Nígbà tí ètè Àdùkẹ́ kàn án lọ́wọ́, ó kígbe, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi padà dé láti ibi eré kejì, ó ti sùn sórí koríko gbígbẹ nínú ilé ẹṣin, Àdùkẹ́ dúró tì í, ó ń jẹ koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. A fi aṣọ ẹṣin bò ó. Ariwo eré márùn-ún kọjá lórí oorun yẹn, kò jí.

Lónìí ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù pé àdúrà mi lè gbà.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Sùlèímọ́nù dúró sínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Túsìdeè, 10 Oṣù Kẹfà

Àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ kàlòkàlò náà wá wọn gbọ̀ngàn. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, bàtà wọn ń dán, wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ìgbẹ́ ẹṣin. Gbọ̀ngàn yẹn ní fèrèsé ńláńlá tó kọjú sí pápá, téèyàn bá dúró níbẹ̀, bí ẹni wà lórí ẹṣin ni. Wọ́n ní fèrèsé wọ̀nyẹn ni àwọn máa kọ́kọ́ dí.

Phoebe ní, "Kí ló dé?"

Wọ́n ní ẹni tó ń ta kàlòkàlò kò nílò láti máa wo ìta, pé ó máa ń mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Phoebe yí padà sí fèrèsé. Ó ń fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu gíláàsì kan tí kò dọ̀tí, mo sì rántí mọ́tò mi.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Ooru mú gan-an. Mo wa àwọn ìyá lọ sí Town Hall ní Woolwich, èmi dúró síta lọ́dọ̀ mọ́tò. Wọ́n ní Ìyá Tamí sọ̀rọ̀ dáadáa, kò bínú, kò pariwo, ó kàn sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Kánsù kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àwọn onítẹ́tẹ́. Wọ́n jáde, wọ́n ń kọrin, mẹ́rin nínú wọn wọ mọ́tò mi, inú mi dùn fún wọn tọkàntọkàn, èyí sì jẹ́ òótọ́.

A dé Plumstead Road ni fóònù dún. Ẹni tó bá pè mí nínú mọ́tò, ẹnu rédíò ló ti ń sọ̀rọ̀, Tamílọ́rẹ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Phoebe ni, tí kò lè pe Akínwándé tán. "Aki! The council said yes! Nobody objected!"

Ta ló máa takò ó lórí àbàtà, àfi pẹ́pẹ́yẹ?

Mọ́tò mi fẹ́ ya nítorí Halelúyà. Wọ́n ní ìwé Daddy ti jáde. Wọ́n ní ọjọ́ kan náà, kánsù kan náà, Ọlọ́run dáhùn lọ́nà méjì. Ìyá Tamí sunkún ayọ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú lórí gíà. Mọ́wùnmí ti pe Pásítọ̀ kí a tó dé ibi iná ojú títì.

N kò lè jẹun.

Sọ́ńdè, 22 Oṣù Kẹfà

Ìyá Tamí ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Ìjọ jó, aṣọ orí ń já bọ́. Kí wọ́n tó jókòó ni Pásítọ̀ ti ní, "Daddy Akínwándé, a gbọ́ o. Àdúrà tí a bá gbà papọ̀, a máa jẹ́rìí rẹ̀ papọ̀ ni. Ẹ wá sọ ohun tí Olúwa ṣe."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò tó oṣù mẹ́ta.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará, mo ní kí ẹ bá mi gbàdúrà nítorí ìwé kan. Ẹ gbà á. Ẹ gbààwẹ̀ lé e. Ọlọ́run dáhùn. Ìwé kàlòkàlò ni."

Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti gbé ọwọ́ sókè láti fi orin gbè mí. Ọwọ́ náà dúró sókè.

"Kì í ṣe ti Plumstead. Ti orí àbàtà ni, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ̀rọ yẹn kò bá wá, wọ́n máa ta àwọn ẹṣin, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀, n kò lè parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo wọ ilé kan tí wọ́n ti ń ta á. Mo rí bí wọ́n ṣe kọ ojú ènìyàn sí ògiri. Mo rí ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹṣin jẹun, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ ọmọ yẹn. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó wá nǹkan mìíràn fún wa."

N kò wo ọ̀dọ̀ Àánú. Mo wo Ìyá Tamí, òun kò wò mí. Pásítọ̀ la ẹnu, ó pa á dé, ó ní ká dìde. Ọlọ́run gbà á sílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, a ní láti kó àga.

Nínú mọ́tò, Ìyá Tamí bọ́ aṣọ orí rẹ̀ sórí itan.

"N kò mu omi," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Tamí, n kò mu omi, nítorí kàlòkàlò."

Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni, ó rín títí ó fi ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ẹ̀rín tán. Ó ní ohun tó dun òun kì í ṣe kàlòkàlò, pé òun ń kúnlẹ̀, mò ń fọ mọ́tò. Ó dùn mí náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Àwọn tó ń ta pọ́n-ùn kan sórí ẹṣin ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn, wọ́n ń fojú rí ẹṣin.

"Ẹ̀ṣẹ̀ tí a fojú rí. Ẹ kú ọgbọ́n."

Mo lọ bọ́ bàtà mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mọ́ńdè, 23 Oṣù Kẹfà

Mo ròyìn fún Sùlèímọ́nù. "Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀," ó ní. Ó wá fún mi ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀.

Mo sọ fún Phoebe pé n kò ní lè wọ súùtù yẹn. Mo ní bí ẹ̀rọ bá wọlé, kó wá ẹlòmíràn tó máa ju àsíá. Ó ní òun ti gbọ́, kí n lọ fún Biscuit ní omi.

Sátidé, 28 Oṣù Kẹfà

Ìyá Tamí ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti gba ọkọ òun lọ. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò dé ibẹ̀ rí. Ó wọ bàtà tó dára, mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ó kí Phoebe dáadáa, ó wo Àdùkẹ́ láti orí dé ìrù bí ẹni tó ń wo ìyàwó tuntun, ó ní, "Ìwọ náà rèé."

Ó ní kí n fi ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ wọ̀ hàn òun. Mo ṣí gbọ̀ngàn. Ó wọlé. Ó wo òkè, ó wo ògiri, ó rìn dé àárín, ó dúró. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pà, ó tẹ́tí sí bí ó ṣe dún lọ dún bọ̀. Ó wá gbé orin ṣókí kan, ìlà kan péré, ilé náà sì gbé e padà fún un.

"Ẹṣin máa ń sá ní Sunday?"

"Rárá."

"Wednesday ńkọ́?"

Mo gbọ́ ọ yé. Ó ń wá ilé fún ìjọ. Láti ìgbà tí ìjọ ti ń kó àga jáde fún àwọn ọmọ alápẹ̀rẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lápò, orí mi kò gbé e wá.

Túsìdeè, 8 Oṣù Keje

Pásítọ̀ wá, àwọn àgbà ìjọ wá, wọ́n bá Phoebe jókòó. Ohun tí ìjọ lè san kò tó ti àwọn kàlòkàlò, kò sún mọ́ ọn. Phoebe sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi bò. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí fèrèsé.

Pásítọ̀ ní, "Fèrèsé? A máa nù wọ́n, mà."

Phoebe fa ìwé ìṣirò rẹ̀ sọ́dọ̀. Ó ní kí ẹ̀rọ dúró síbi tó wà, òun máa ta ẹṣin méjì, a máa dín eré kù sí márùn-ún, a máa ṣe ìdajì òrùlé lọ́dún yìí. Ó ní bàbá òun kò gbẹ́ gọ́tà kí ènìyàn lè wá kẹ̀yìn sí ẹṣin. Sùlèímọ́nù béèrè èwo nínú àwọn ẹṣin ló máa tà. Kì í ṣe Àdùkẹ́. Sùlèímọ́nù jáde lọ síbi tí a kò ti ní rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Ìwé tún ti wà níwájú kánsù, nítorí pé gbọ̀ngàn ijó kì í ṣàdédé di ilé ìjọsìn. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ìwé níwájú ìjọba jáde. Mo jáde.

"Daddy, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ dárúkọ rẹ̀ o."

Mo dárúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì àti gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà wọ́n gbàdúrà bí ẹni pé orí wọn wà lórí ẹ̀.

Sátidé, 9 Oṣù Kẹjọ

Àánú kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí ó wá, ó sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í pé òun tún lọ sídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó mú búrọ́ọ̀ṣì. Àdùkẹ́ gbé ipò kẹrin.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Kánsù gbà. Mo pa fóònù mọ́tò kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Tamílọ́rẹ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á.

Sátidé, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Eré ìkẹyìn ti ọdún yìí. Ti ọdún yìí nìkan. Ilẹ̀ rọ̀ dáadáa, òjò àná ṣe wá lóore. Àwọn ìyá ti wá láti àárọ̀ láti gbo gbọ̀ngàn de ọ̀la, wọ́n nu fèrèsé, bí wọ́n ṣe ń nù ún ni wọ́n ń rí ẹṣin, iṣẹ́ wá ń falẹ̀.

Mo wà nídìí àsíá mi lápá òkè, n kò sún mọ́ ilé ìwòran rárá. Mo ju àsíá fún eré karùn-ún. Àdùkẹ́ jáde dáadáa. Ní ìyíká ó wà ní ipò kẹrin, ó di ẹ̀kẹta, mo sì gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà jíjìn réré. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ni ó ń ké Jẹ́ríkò lórí ìwé mi nígbà ààwẹ̀. Ó ń ké báyìí pé, "Àdùkẹ́, gbé ẹsẹ̀ ẹ! Gbé ẹsẹ̀ ẹ, ìyá mi!" Mo wò ó. Ìyá Tamí ti gun irin ọgbà pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, ìborùn rẹ̀ wà lọ́rùn Àánú tó dúró tì í.

Àdùkẹ́ gbé ipò kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Sùlèímọ́nù wólẹ̀, ó fi orí kan koríko.

Sọ́ńdè, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ìsìn àkọ́kọ́ nínú ilé wa. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, àwọn ẹṣin ń jẹko lóde, ọ̀kan ké nígbà ìwàásù, Pásítọ̀ ní ìyẹn náà ṣe Àmín. Phoebe jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà, Àánú ló fún un ní ìjókòó. Kò sẹ́ni tó kó àga.

Nígbà tó kan orin ìyìn, Pásítọ̀ pe Ìyá Tamí kó wá darí wa gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfìfo ni.

Pásítọ̀ ní, "Ah, Mummy. Kí ló gba ohùn yín?"

Ó wò mí níbi tí mo jókòó sí, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó fi èyí tó kù nínú ohùn rẹ̀ sọ pé àdúrà ni.

Gbogbo ìjọ kan sáárá sí i. Mo ṣe Àmín.